Ìbúra Ògúntóyìn Nínú Ọkọ̀ Kìnìún Ọba

Bí ẹ bá gbé ẹ̀rù omi tó wà lára Ògúntóyìn sórí ìwọ̀n, yóò wúwo ju lọ́rì iṣu Ẹ̀dá-Oníyọ̀ tí wọ́n dirù lé títí tí táyà rẹ̀ ń sunkún. Ọkùnrin náà kì í wẹ̀ lódò. Bí òjò bá rọ̀ tí omi dúró lójú ọ̀nà oko rẹ̀, ìlú kejì ni yóò yí gbà kó tó dé ìdí iṣu. Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún àwọn ará àdúgbò pé bí òun bá gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún un, ńṣe ni yóò kọ́kọ́ dúró lókèèrè, á kí omi náà bí ẹni ń kí àgbà, kó tó fọwọ́ kàn án. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí ló gbé e dé àárín omi dámù Ìtapàjí, nínú ọkọ̀ onígi, lọ́sàn-án gangan?

Fíìmù ni.

Ṣèyí, ọmọ Ìkọ̀lé tó ń ṣe fíìmù l'Ékòó, ló wálé pé òun fẹ́ ya fíìmù àwọn olè ojú òkun ayé àtijọ́. Kò sí òkun ní Èkìtì. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Ìtapàjí lọ wo òkun, bàtà rẹ̀ yóò ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé Ọ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣèyí wo omi dámù, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, "Omi ni omi ń jẹ́. Bí kámẹ́rà ò bá ti rí igi kòkó tó wà létí rẹ̀, òkun ni."

Ló bá kó káfíńtà jọ láti Ìkọ̀lé dé Ìdó. Wọ́n kan ọkọ̀ kan tó gùn débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ìdí rẹ̀ yóò ti gbàgbé ìdajì kó tó dé imú. Òpó ìgbòkun rẹ̀ ga, àṣá tó bà lé e, òyì kọ́ ọ. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú dí ojú pákó, wọ́n kọ KÌNÌÚN ỌBA sí i lára, wọ́n gbẹ́ kìnìún sí imú rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ kìnìún náà kò rí kìnìún rí, ewúrẹ́ ilé rẹ̀ ló fi wò, ìdí nìyẹn tí kìnìún ọba fi ní irùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, Ṣèyí to àwọn ọkùnrin tó fẹ́ lò sí etí omi, ó ń là wọ́n lọ́yẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹ kì í ṣe olè lásán. Ọba ìlú yín ló fún yín níwèé àṣẹ pé ọkọ̀ ọ̀tá òun tí ẹ bá rí lójú òkun, kí ẹ kó o, àti ẹrù inú rẹ̀, àti ènìyàn inú rẹ̀. Ẹ ó fún ọba ní tirẹ̀, ẹ ó pín ìyókù."

"Olè oníláísẹ́ńsì nìyẹn," Àrẹ̀mú wí. Ọdẹ Ayégbajú ni Àrẹ̀mú, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Òun gan-an nìyẹn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, dírẹ́tọ̀, ibo ni wọ́n ti ń gba láísẹ́ńsì náà? Àbúrò ìyàwó mi kan ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí láìgbàwé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ògúntóyìn náà rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ẹ̀rín òun ti fẹ́ tán. Ẹrù pákó ló wá rù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Ṣèyí rí àyà rẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, ó rí ojú rẹ̀ tó pọ́n, ó ní ojú ajagun òkun nìyẹn.

"Mi ò mọ odò wẹ̀ o," Ògúntóyìn sọ fún un.

"Ta ló ní kí o wẹ̀? Etí bèbè la máa dúró sí. Omi ibẹ̀ ò mu adìyẹ dé orúnkún."

Ó gbà. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù ajagun, wọ́n wé gèlè pupa mọ́ ọn lórí.

Ìbúra ló kàn. Ṣèyí ní láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbúra níwájú ọ̀gá ọkọ̀. Oníkálukú á gbọ́wọ́ lé idà, á ní òun ò ní sá. Idà rọ́bà tí wọ́n gbé wá láti Èkó ni wọ́n fẹ́ lò, ṣùgbọ́n oòrùn ti jẹ́ kó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ojú Ṣèyí fà ro. Ògúntóyìn, ẹni tí inúure rẹ̀ máa ń ṣáájú làákàyè rẹ̀ débi iṣẹ́, fa àdá oko rẹ̀ yọ nínú àkọ̀, ó fi itan nù ún, ó ní, "Ẹ fi eléyìí ṣe é. Irin gidi ni."

Gbogbo wọn jọ ka ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé Ṣèyí: "Mi ò ní fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀, mi ò ní bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, títí a ó fi kó ọkọ̀ ọ̀tá. Bí mo bá yẹ̀ é, kí irin yìí jẹ mí." Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́wọ́ lé àdá, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá. Nígbà tó kan Ògúntóyìn, kò gbọ́wọ́ lé e. Ilé àwọn tó ń bọ Ògún ni wọ́n ti bí i. Nílé wọn, bí ẹjọ́ bá gbé wọn dé kóòtù Ìkọ̀lé, tí ẹlòmíràn gbá Bíbélì mú, tí ẹlòmíràn gbá Kùránì mú, àwọn a fi ahọ́n kan irin. Kó tó rántí pé fíìmù ni, ahọ́n rẹ̀ ti jáde, ó ti lá irin náà láti ìdí títí dé ẹnu.

Ìtọ́wò irin gba ẹnu rẹ̀.

"Àrẹ̀mú," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "ahọ́n mi kàn án."

"Kí ló kàn?"

"Irin."

"Ṣé ó dùn ni?"

Àrẹ̀mú ò mọ̀. Àrẹ̀mú ò mọ àbúrò bàbá Ògúntóyìn, ẹni tó fi ahọ́n kan irin pé òun kọ́ lòun pa ewúrẹ́ aládùúgbò, tí eegun ewúrẹ́ náà sì wà nínú eyín rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ kan tí ẹnì kankan ò gùn, kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri jẹ́ẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, ló dìde tó wó lu bàbá náà. Wọn ò rí eyín kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ògúntóyìn tọ Ṣèyí lọ. "Ọjọ́ wo la máa kó ọkọ̀ ọ̀tá náà?"

"Á tó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pákó rẹ̀ ṣì wà ní Ìkọ̀lé, wọn ò tíì là á."

Ó tu ara rẹ̀ nínú: etí bèbè ni, yóò máa sùn nínú ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ yóò máa na oúnjẹ sí i láti orí ilẹ̀.

Ó ki àdá rẹ̀ bọ àkọ̀ níbàdí, ó wọkọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá yà, igi kòkó a hàn, aṣọ tí obìnrin kan sá sórí okùn a hàn. Ṣèyí bínú. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbé kámẹ́rà fa Kìnìún Ọba lọ sáàárín omi, níbi tí ojú ò ti rí nǹkan kan àfi omi. Ògúntóyìn gbá òpó ìgbòkun mọ́ra bí ẹni gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Bí bèbè ṣe ń jìnnà, bẹ́ẹ̀ ló ń gbá a mọ́ra sí i. Omi náà dúdú. Kò sọ̀rọ̀. Omi tó bá ń pariwo, a mọ ibi tó wà. Èyí tó dákẹ́ yìí, ó jọ ẹni tó ń ronú.

Wọ́n ní kí Àrẹ̀mú yin ìbọn ńlá tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi páìpù irin rọ, tó wà lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Èéfín lásán ni Ṣèyí fẹ́. "Ẹ̀tù díẹ̀," ó pariwo láti inú ọkọ̀ kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀tù méjì péré ni Àrẹ̀mú mọ̀ láyé: ti ẹran àti ti òkú àgbà ọdẹ. Nígbà tí kò rí ẹran kankan nítòsí, ó lo ti òkú.

Ìró ìbọn yẹn! Àwọn adìyẹ Ìtapàjí wọlé sùn, wọ́n rò pé ilẹ̀ ṣú. Wọ́n ní awakọ̀ kan wà n'Íkọ̀lé, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti kú fún ọdún púpọ̀, ọkọ̀ náà gbọ́ ìró yẹn, ó dédé jí. Ẹnì kankan ò so ìbọn náà mọ́lẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ, ó gba ara pákó jáde lódìkejì, ó já sómi gbàmù. Ihò tó fi sílẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Omi sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ẹ bọ́ síbí! Kíá!" Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sún mọ́ wọn. Àwọn olè oníláísẹ́ńsì ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Àrẹ̀mú ló kọ́kọ́ fò, fìlà rẹ̀ ló tẹ̀lé e. Kò pẹ́, Ògúntóyìn nìkan ló kù nídìí òpó.

"Ògúntóyìn, bọ́ọ́lẹ̀!" Ṣèyí kígbe.

"Mi ò lè bọ́."

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ há ni?"

"Ahọ́n mi ló há."

"Ahọ́n kẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni, fíìmù ni! Èmi tí mo ní kí o búra, mo tú ọ sílẹ̀!"

"Ṣé ìwọ ni irin ni? Ṣé orí rẹ ni mo fahọ́n lá?"

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì náà ti kún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ bá omi dọ́gba. "Ẹ gbé wa dé ilẹ̀ ná," Àrẹ̀mú ń bẹ̀bẹ̀, "ká wá fi okùn padà wá dè é." Wọ́n yí padà, wọ́n sáré dé bèbè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí arúgbó, ó dákẹ́. Wọ́n ń fa okùn rẹ̀, wọ́n ń bú u, wọ́n ń gbàdúrà sí i. Kò jí.

Ó wá ku Ògúntóyìn àti omi.

Omi dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó gun òpó. Láti òkè, ó ń wo ihò náà, ó ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń mu omi gbùkùgbùkù bí akọ màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó ronú láti fò, àdá sì tutù mọ́ ọn níbàdí. Ó ronú láti ju àdá nù, ẹ̀rù sì tún bà á ju ti àkọ́kọ́ lọ: ta ló ń ju irin tó búra fún sómi? Ó wolẹ̀, ó rí orí ìṣó lára pákó. Ìṣó ò lójú, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ìṣó Kìnìún Ọba ló la ojú sílẹ̀, tí wọ́n ń wò ó láìṣẹ́jú. Nísàlẹ̀, omi. Níbàdí, irin. Èyí tó máa pa òun nìkan ló kù tí kò mọ̀.

"Bàbá Ìtùnú o!" Motúnráyọ̀ ti dé etí bèbè, ohùn rẹ̀ la omi kọjá. "Bàbá Ìtùnúolúwa! Ta ni kí n sọ fún ọmọ pé ó pa ọ́? Kí n sọ pé ahọ́n ni?"

Ògúntóyìn tún gun òpó sókè díẹ̀.

Bàbá Fádèyí ló wá yọ. Apẹja ni, àgbàlagbà, nìkan ṣoṣo nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ó ń fi àjẹ̀ wa omi jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ jẹ oyè. Ó dé ẹ̀gbẹ́ Kìnìún Ọba, ó gbójú sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń ṣe lórí igi? Ọ̀pẹ ni?"

"Bàbá, ẹ kú uṣẹ́ o," Ògúntóyìn kí i, omijé lójú.

"Uṣẹ́ wo? Sọ̀ kalẹ̀ kí o wọnú ọkọ̀ mi."

Ògúntóyìn sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. *Mi ò ní bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn.* Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá náà, láti orí idà rọ́bà títí dé orí ahọ́n. Ó rò pé yóò fi òun rẹ́rìn-ín. Bàbá Fádèyí ṣí fìlà.

"O fi ahọ́n kàn án?"

"Mo fi kàn án."

"Gbogbo ahọ́n?"

"Ìdajì, bàbá."

"Ìdajì náà ń pa ènìyàn." Ó mi orí. "Tún ọ̀rọ̀ náà wí fún mi."

Ògúntóyìn tún un wí. Nígbà tó dé "títí a ó fi kó ọkọ̀ ọ̀tá," ó bojú wolẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ọkọ̀ kékeré yẹn, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá Fádèyí rí ojú náà. Ó fi àjẹ̀ ti ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n kó yín."

"Kí o kó ta ni? Wọn ò kó ẹnikẹ́ni rí nínú ulé wa! Àwa la máa ń kó ènìyàn!"

"Ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́nu lásán."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló gbé ọ dé orí igi yẹn!" Bàbá náà fi àjẹ̀ lu omi. "Bí mo bá sọ pé o kó mi, níwájú irin tó wà níbàdí rẹ, mo di ẹrú rẹ nìyẹn. Èmi, Fádèyí! Tí mo ti ń pẹja kí wọ́n tó bí bàbá rẹ!"

Ọkọ̀ kérora. Òpó náà fì sí ọ̀tún, kò padà sí àyè rẹ̀ mọ́. Ògúntóyìn ké bí ọmọdé. Omi ti gba gbogbo ojú pákó, ó ń gun òpó bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.

Bàbá Fádèyí dúró lókèèrè díẹ̀. Ó ń wo omi, ó ń wo ọkùnrin náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹni tó bá kó ènìyàn lógun, òun náà ló ń bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Kí lẹrú rẹ máa jẹ?"

"Uyán, bàbá! Láàárọ̀, lálẹ́!"

"Ta ló máa gún un? Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, gààrí nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

"Ìyàwó mi!"

Ohùn máa ń rìn lórí omi. Motúnráyọ̀ ti gbọ́. "Láéláé!" ó ké láti bèbè. "Èmi? Kí n máa gún uyán fún ẹrú láàárọ̀ láàárọ̀? Bàbá Ìtùnú, orí rẹ pé?"

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, òpó dún *kẹ́ẹ̀!*, ó tẹ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ Ògúntóyìn méjèèjì wọ inú omi dé orúnkún. Igbe tó ké, ẹ má bi mí. Motúnráyọ̀ gbé ọwọ́ lérí.

"Mo gbà! Bàbá Fádèyí, mo gbà o! Pẹ̀lú ẹ̀fọ́! Pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́!"

"Ṣé ó máa kúnná?" bàbá náà bi í.

"Yóò kúnná bí àlà! Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ń kú lọ!"

Bàbá Fádèyí wa ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìtapàjí ni Ògúntóyìn. Ta ló ń dúró kó àgbà lẹ́rú? Bó ti ń bẹ̀rù omi tó, ó jáwọ́ lára òpó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó tó ti wà lábẹ́ omi. Omi wọ imú rẹ̀, ó wọ etí rẹ̀, ó bò ó lórí. Ó rò pé ó ti tán. Ó gbórí sókè, ó ń tu omi lẹ́nu, ó ń wúkọ́.

"Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Mo kó yín. Mo kó ọkọ̀ yín. Ní orúkọ ọba."

"Ọba wo?"

"Dírẹ́tọ̀ ò sọ fún wa."

Bàbá Fádèyí gbé àjẹ̀ rẹ̀ lé orúnkún. Ó wojú omi bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"O kó mi," ó wí jẹ́jẹ́. Ó sì di ọrùn ẹ̀wù Ògúntóyìn mú, ó fà á wọnú ọkọ̀.

Kìnìún Ọba rì lẹ́yìn wọn láìpariwo. Ògúntóyìn sùn sórí ẹja, ó pajú dé, ó ń retí ibi tí irin máa ti jẹ òun. Nǹkan gún un nítan. Ó ké, "Ó ti dé o!" Lẹ́bẹ́ ẹja ni.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Ṣèyí sáré pàdé wọn, ojú rẹ̀ ń dán. "Mo ya gbogbo rẹ̀! Ó kù díẹ̀ kó dáa. Ẹ lè tún ibi ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ṣe?" Motúnráyọ̀ já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ Bàbá Fádèyí, ó lé e. Wọ́n ní ó lé e dé ojú títì Ìkọ̀lé, ó sì lé fíìmù náà mọ́ ọn.

Ògúntóyìn ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àdá wà lára ògiri, ó ń ṣọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n kanlẹ̀kùn. Bàbá Fádèyí ló dúró síta, ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó gbé àwo òfìfo lọ́wọ́.

"Ẹrú yín ti jí o. Uyán dà?"

Motúnráyọ̀ wo ọkọ rẹ̀, ìwò tó lè bó iṣu láìlo ọ̀bẹ. Ó gbé ọmọrí odó.

"Bàbá," Ògúntóyìn wí, ó tún dọ̀bálẹ̀, "mo tú yín sílẹ̀. Ẹ máa lọ lálàáfíà. Ẹ ti di òmìnira."

Bàbá Fádèyí ti jókòó. Ó ń nu inú àwo rẹ̀. "O tú mi sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí irin gbọ́ ni wàá fẹnu lásán tú? Gbé àdá wá. Fi ahọ́n kàn án pé mo ti di òmìnira. Mo ń dúró."

Ògúntóyìn wo àdá lára ògiri. Ó pa ètè méjèèjì dé mọ́ ahọ́n rẹ̀ gírígírí, bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu, ó sì juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kó máa gún un lọ.